A ń kókìkí PlayStation, ṣé PlayStation mọ̀ wá?

Bí ẹ bá dárúkọ ẹ̀rọ géèmù fún ọ̀dọ́ kan ní Òtu, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, PlayStation ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. "PS" ti di orúkọ géèmù fúnra rẹ̀, bí Omo ṣe di orúkọ gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé owó pọ́ọ́kú ló bí ìfẹ́ yìí, àmọ́ àwa nìkan là ń tọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà kò bá wa dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Sony gbé PS2 jáde lọ́dún 2000, èyí tí wọ́n tà káàkiri àgbáyé sì tó mílíọ̀nù 160 kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 2013. Bí àwọn ará òkè òkun ṣe ń ra tuntun, àlòkù wọn ń di tòkunbọ̀ lọ́jà wa. Ẹni tó fẹ́ ṣí ilé géèmù ní Òkè-Ògùn kò nílò ju tẹlifíṣọ̀n kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré, àti PS2 tí wọ́n ti fi ṣíìpù sí nínú kó lè ka síídì àdàkọ. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á dìde, ẹlòmíì á jókòó, owó ń wọlé. Onílé géèmù ń wo iye owó. Ọmọ tó ń gbá PES ń wo páàdì tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ẹ bá gbé Xbox wá fún onílé géèmù náà lónìí, kódà kó dín owó, á ní àwọn oníbàárà òun ò ní wá mọ́.

Lókè òkun náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Lọ́dún 2006, $599 ni Sony ta PS3 tó wọ́n jù ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Xbox 360 tó wọ́n jù wà ní $399. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti ń lo PlayStation tẹ́lẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Microsoft. Owó ṣẹ́gun orúkọ. Ní Japan, òdì kejì ló ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2008, Microsoft já owó Xbox 360 wálẹ̀ sí yẹ́ẹ̀nì 19,800, ó kéré sí ti Wii pàápàá, síbẹ̀ gbogbo èyí tó tà níbẹ̀ kò pé mílíọ̀nù méjì. Ọ̀dọ̀ Sony àti Nintendo ni àwọn géèmù tí wọ́n fẹ́ràn wà. Owó pọ́ọ́kú máa ń ṣílẹ̀kùn, àmọ́ géèmù àti ọ̀rẹ́ tí à ń bá gbá a ló ń mú èèyàn jókòó.

Àwa ńkọ́? $499 ni wọ́n fi gbé PS5 jáde lọ́dún 2020. Tí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, iye yẹn jẹ́ 748,500 náírà, láìtíì ka owó ẹrù àti èrè olùtajà. 70,000 náírà sì ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Kí òṣìṣẹ́ má jẹ, kó má mu fún oṣù mẹ́wàá, kò tíì ní tó o. Ká má tiẹ̀ sọ ti àgbẹ̀ tó ń retí owó ẹ̀gẹ́ àti kaṣú.

Tí ẹ bá wá rà á tán, ẹ lọ ṣí àkáùntì PlayStation. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n tò síbẹ̀. South Africa wà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe: à ń mú UK tàbí Amẹ́ríkà, à ń ra káàdì lọ́wọ́ alágbàtà. Mo kọ́ òfin, mo sì lè sọ fún yín pé àdéhùn tí èèyàn fi àdírẹ́sì irọ́ bẹ̀rẹ̀ kì í gbe èèyàn lọ́jọ́ ìjà. Bí wọ́n bá ti àkáùntì yẹn pa lọ́la, ẹjọ́ wo lẹ máa lọ rò?

Àwọn kan á ní ṣebí síídì àdàkọ ló lé àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí sá. Òótọ́ wà níbẹ̀, olè ni olè ń jẹ́. Àmọ́ ta ló gbé ojúlówó wá ní iye tí apá wa ká, tí a kọ̀ ọ́? Ẹ wo fóònù. Nokia lọba nígbà kan nílẹ̀ yìí. Transsion wá gbé Tecno àti itel dé: síìmù méjì, bátìrì tó ń pẹ́, owó tí ọmọ Òkè-Ògùn lè san. Nokia kúrò lórí àga.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iye kan náà ni wọ́n ń tà á fún gbogbo ayé. Lọ́dún 2025, nígbà tí owó Japan ti rẹlẹ̀, Nintendo ta Switch 2 tó ń lo èdè Japan nìkan ní yẹ́ẹ̀nì 49,980, ó sì ta èyí tó ń lo èdè púpọ̀ ní 69,980. Wọ́n wo àpò ọmọ ilé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ká jẹ́ oníbàárà òun, kó wo àpò tiwa náà: kó fi orúkọ Nàìjíríà sí i, kó gba náírà, kó ní ibi tí a ti lè tún ọjà rẹ̀ ṣe.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tó ń dá àjọ láti ra PS, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀. Òfin FCCPA ti ọdún 2018 ní kí olùtajà sọ ọ́ bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe, àjọ FCCPC sì ti sọ pé pátákó "no refund" kò lè gba ẹ̀tọ́ yín bí ọjà bá ní àbùkù. Tí owó ò bá tó, fóònù ọwọ́ yín ń gbá eFootball, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni bá ṣe fún ni là ń ṣe fún. A ti ṣe fún PlayStation tó. Ó kù kí òun náà ṣe fún wa.