Rìsíìtì Onílé Nìkan Kò Tó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé rírà rí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilé, tí wọ́n rò pé rìsíìtì onílé ti parí ọ̀rọ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí onílé gba àṣẹ gómìnà kó tó ta ilé tàbí ilẹ̀ rẹ̀ tó ní ìwé ìjọba. Láìsí àṣẹ yìí, òfin kò ka títà náà sí. Owó wà lórí àṣẹ ọ̀hún. Ní ọdún 2015, ìjọba Èkó dín in kù láti ìdá 13 sí ìdá 3 nínú 100: owó àṣẹ, owó òǹtẹ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó orí lórí èrè. Ní ìdá 3 yìí, ilé tí ìjọba bá díye lé ní mílíọ̀nù 10 náírà yóò gba N300,000.

Ẹni tó jèrè ló yẹ kó san owó orí èrè, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilé ni wọ́n sábà máa ń dì í rù. Èyí kò dára. Kí ìjọba lẹ iye owó wọ̀nyí mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, ní èdè Yorùbá. Kí ẹni tó fẹ́ rà náà sì ṣírò rẹ̀ kó tó sanwó, kí ilé má baà di ẹjọ́ sọ́rùn ọmọ.