Ìdìbò Àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà àti Àwọn Tí Ń Fi Í Sọ Àsọtẹ́lẹ̀

Kò sí ọdún ìdìbò kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a kì í rí àwọn ènìyàn tí ẹnu wọn ń yá ju ti aláfọ̀ṣẹ lọ. Bí ọdún mẹ́rin bá ti pé, tí ìpínlẹ̀ kékeré kan ní ìhà ibi tí òtútù pọ̀ sí bá ti dìbò abẹ́lé tirẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìwé ìròhìn ti kún: ẹni báyìí ti wọlé tán, ẹni báyìí ti parí, kí ẹni báyìí lọ máa wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún a máa fi irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ ròhìn fún wa, àwa náà a sì máa fi í jiyàn ní ojúde ọba àti ní yàrá àwọn olùkọ́. Nítorí pé ìdìbò mìíràn ń bọ̀ ní 2028, tí ariwo náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ó tọ́ kí a yẹ ọ̀ràn náà wò kí ó tó dé. Èrò tèmi ni pé ìdìbò àkọ́kọ́ a máa fi ẹni tí ó ti ṣubú hàn wá, ṣùgbọ́n kì í sábà fi ẹni tí yóò dúró hàn. Àti pé àwọn tí ń fi í sọ àsọtẹ́lẹ̀ ń gba ìbò lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì dìbò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ni ó wà lọ́hùn-ún, Democrat àti Republican. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó fa ẹnìkan kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ, àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ náà yóò kọ́kọ́ dìbò láàárín ara wọn, kì í sì í ṣe ní ọjọ́ kan náà. Ìpínlẹ̀ kan a máa tẹ̀lé èkejì láti January tàbí February títí di June. Ìbò wọ̀nyí ni a fi ń pín àwọn aṣojú fún àwọn olùdíje, àwọn aṣojú ni yóò sì péjọ ní July tàbí August láti fi ọwọ́ sí ẹni tí iye tirẹ̀ bá pé. New Hampshire ti ń ṣíwájú nínú ìdìbò yìí láti 1920. Wọ́n tilẹ̀ fi í sínú òfin ìpínlẹ̀ wọn pé tiwọn gbọ́dọ̀ ṣíwájú irú rẹ̀ níbòmíràn ní ọjọ́ méje ó kéré tán. Ní 1972 ni Iowa gba iwájú wọn pẹ̀lú ìpàdé àdúgbò: àwọn ará àdúgbò a péjọ ní alẹ́ nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tàbí ilé ìjọsìn, àwọn Democrat a sì máa dúró ní agbo-agbo fún ẹni tí wọ́n fẹ́, kí a lè kà wọ́n lójú gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti tò sẹ́yìn àwòrán olùdíje ní 1991. Títí di 2020 ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ìṣirò. Ní 2020, aṣojú tí àwọn Democrat yóò fi ìbò pín jẹ́ 3,979, ẹni tí yóò borí sì gbọ́dọ̀ ní 1,991. Iowa ní 41, New Hampshire ní 24. Ẹ pa á pọ̀, 65 ni. Kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Bí olùkọ́ bá gbé èyí síwájú ọmọ ilé-ìwé, tí ọmọ náà sì dáhùn pé ẹni tí ó gba díẹ̀ nínú 65 ti gba gbogbo 3,979, a mọ ohun tí olùkọ́ yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà ni ó ń wí i lórí amóhùnmáwòrán, a sì ń sanwó fún wọn.

Kí ni ó wá fi agbára fún ohun tí ó kéré tó báyìí? Owó àti òkìkí ni. Jimmy Carter, tí ó ti jẹ gómìnà ní Georgia, kò ní òkìkí kan tí a lè pè ní òkìkí nígbà tí ó wọ Iowa fún ìdìbò 1976. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àwọn tí wọ́n ní àwọn kò tíì yan ẹnikẹ́ni jẹ́ 37 nínú 100, Carter sì ní nǹkan bí 28. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá ni ó borí! Síbẹ̀ Carter ni àwọn oníwèé ìròhìn gbé sókè bí aṣẹ́gun. Owó tẹ̀lé òkìkí, ìbò tẹ̀lé owó, wọ́n sì yàn án ní Ààrẹ kí ọdún náà tó parí. Bí ó ti ń gbé ènìyàn ga náà ni ó ń rẹ ènìyàn sílẹ̀. Àwọn olówó tí ń ran olùdíje lọ́wọ́ a máa ka ìwé ìròhìn bí àwa náà ti ń kà á. Bí wọ́n bá rí i pé a ti kọ orúkọ ẹni wọn mọ́ àwọn tí ó ti ṣubú, wọn a di ẹnu àpò. Nígbà tí owó bá tán, òṣìṣẹ́ a tú ká, ìkéde a dá, ọkùnrin náà a sì padà sílé kí ìpínlẹ̀ márùn-ún tó dìbò. Lẹ́yìn èyí, asọtẹ́lẹ̀ a ní, “Ǹjẹ́ èmi kò ti wí fún yín?”

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kì í tilẹ̀ fi ìbò nìkan ṣe ìdájọ́. Wọn a kọ́kọ́ dá iye kan sọ, pé ó yẹ kí lágbájá ní tó báyìí. Bí lágbájá bá borí láìní iye náà, wọn a pè é ní ẹni tí ó fìdí rẹmi. Ní March 1968, Ààrẹ Lyndon Johnson ní 49 nínú 100 ní New Hampshire, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìbò, àwọn ènìyàn ni ó fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí i. Eugene McCarthy, tí ó ń bá a jà nítorí ogun Vietnam, ní 42. Ní ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, 49 ju 42 lọ. Ṣùgbọ́n McCarthy ni a kí kú oríire. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà Robert Kennedy wọ inú ìdíje. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà Johnson kéde pé òun kò wá ipò náà mọ́. Ẹ sì kíyèsí i pé kì í ṣe McCarthy ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀ nígbẹ̀hìn, Hubert Humphrey ni, ẹni tí kò bá wọn du ìbò abẹ́lé kankan. Ní 1972 wọ́n ṣe bákan náà sí Edmund Muskie, tí ó ní 46 nígbà tí George McGovern ní 37: wọ́n ní ará ìpínlẹ̀ ìtòsí ni, ó yẹ kí ó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. McGovern ni ó gba àsíá. Ní 1992 ẹ̀wẹ̀, Paul Tsongas ní 33, Bill Clinton ní 25, Clinton sì jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tí ó kú tí ó sì tún jíǹde, àwọn oníròhìn sì bá a yọ̀. Ọgbọ́n ọjà pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Títí di ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn asọtẹ́lẹ̀ ń tẹnu mọ́ bí ẹni pé Mose ni ó mú un sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè: pé láti 1952, kò sí ẹni tí a yàn ní Ààrẹ tí kò kọ́kọ́ borí ní New Hampshire. Òtítọ́ ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún. Clinton tí ó ṣe ipò kejì ni a yàn ní 1992 yìí kan náà, George W. Bush, tí John McCain fi 49 sí 30 nà níbẹ̀ ní 2000, di Ààrẹ. Barack Obama, tí Hillary Clinton borí níbẹ̀ ní 2008, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí òun borí ní Iowa, di Ààrẹ. Àwọn baba wa mọ̀ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, èyí ni ó mú kí babaláwo máa difá ní ọrọọrún. Àwọn asọtẹ́lẹ̀ wa yìí dá tiwọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fẹ́ kí ó tó fún ọdún mẹ́rin.

Ọdún 2020 ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ní ọjọ́ 3 oṣù February, ẹ̀rọ tí àwọn Democrat ní Iowa fẹ́ fi kó iye ìbò jọ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, èsì kò jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀ Pete Buttigieg ti ń sọ̀rọ̀ bí aṣẹ́gun. Nígbà tí èsì dé, òun àti Bernie Sanders ni ó ṣíwájú; Joe Biden, tí ó ti ṣe igbákejì Ààrẹ fún ọdún mẹ́jọ, ṣe ipò kẹrin. Ní New Hampshire ní ọjọ́ 11, ó tún rẹlẹ̀ sí i: ipò karùn-ún, ìbò 8 nínú 100, láìní aṣojú kan ṣoṣo. Kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì, ó ti lọ sí South Carolina. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àwọn asọtẹ́lẹ̀ sin ín. Ẹni ọdún 77 ni, ó ti dán ipò náà wò fún ìdìbò 1988 àti ti 2008, kò sì tíì borí ní ìpínlẹ̀ kan rí.

Ṣùgbọ́n àwọn wo ni ó ti dìbò títí di òwúrọ̀ ọjọ́ náà? Ìpínlẹ̀ méjì ni, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun ju mẹ́jọ lọ nínú ènìyàn mẹ́wàá. Àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n jẹ́ òpó fún ẹgbẹ́ Democrat, kò tíì la ẹnu. Ní South Carolina ni a ó ti gbọ́ ohùn wọn, nítorí ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó dìbò Democrat níbẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwa kò lè ka ìpínlẹ̀ yìí sí àjèjì pátápátá. Ọmọ àwọn tí a kó kọjá òkun ni wọ́n, àti níbẹ̀ ni Ọ̀yọ́túnjí wà, ìletò tí àwọn kan nínú wọn tẹ̀ dó ní 1970 tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú wa sọ. (Ojú tí oníwàásù bí èmi fi ń wo ẹ̀sìn ibẹ̀, ọ̀ràn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ní ọjọ́ 26 oṣù February, James Clyburn, aṣòfin aláwọ̀ dúdú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lọ́dọ̀ wọn, sọ ní gbangba pé Biden ni òun yóò dìbò fún. Ní ọjọ́ 29, Biden ní 49 nínú 100, Sanders tí ó tẹ̀lé e ní 20. Láàárín ọjọ́ méjì Buttigieg àti Amy Klobuchar fi ìdíje sílẹ̀, wọ́n sì tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 3 oṣù March ó borí ní ìpínlẹ̀ 10 nínú 14. Ẹni tí a sin ní February yìí ni ó gorí oyè ní January 2021.

Èyí ni ìdí tí ọ̀ràn náà fi ká mi lára. Bí Biden bá ti gbọ́ ti àwọn tí ó sin ín, tí ó sì padà sílé, àwọn ará South Carolina ì bá kàn máa yan nínú àṣàkù Iowa àti New Hampshire ni. Bóyá ó yẹ fún ipò náà tàbí kò yẹ, ọ̀ràn àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró de ọjọ́ tirẹ̀ láti dìbò kò yẹ kí ó dé ibẹ̀ kí ó bá a pé a ti pa orúkọ tí ó wá rẹ́. Kamala Harris àti Cory Booker, aláwọ̀ dúdú méjèèjì, ti fi ìdíje ọdún náà sílẹ̀ kí Iowa tó dìbò rárá. Ẹgbẹ́ náà pàápàá mọ̀ ọ́n lára: fún 2024 wọ́n fi South Carolina ṣe àkọ́kọ́ nínú ètò wọn. New Hampshire kò gbà, ó dìbò tirẹ̀ ṣíwájú.

Kí a má sì ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni àrùn yìí ń ṣe. Ní ilẹ̀ wa, kí a tó béèrè ohun tí olùdíje fẹ́ ṣe, a ó ti béèrè bóyá yóò wọlé. Kí àwọn olóyè tí ń ka ìwé yìí má ṣe bínú sí mi, ṣùgbọ́n a ti rí ìjòyè tí ó sáré lọ kí ẹni tí wọ́n ní ọ̀nà rẹ̀ là, kí ó má bàa jẹ́ ẹni ìkẹhìn tí yóò dé ibẹ̀. Ní 1992, ìjọba ológun ṣètò kí àwọn ìpínlẹ̀ máa dìbò abẹ́lé tẹ̀lé ara wọn bíi ti Amẹ́ríkà. Ní September ọdún náà, Shehu Musa Yar'Adua ni ó ń ṣíwájú nínú ẹgbẹ́ SDP. Ní October ìjọba fagi lé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ka ìdíje léèwọ̀ fún àwọn 23 tí ó ti jáde. Ní March 1993, ní Jos, M.K.O. Abiola ni ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn 23 yẹn. Kí ni àwọn tí ó ti dọ̀bálẹ̀ fún Yar'Adua ní September rí gbà?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé John Kerry borí ní Iowa àti New Hampshire ní 2004, òun náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fà kalẹ̀. Pé ní January 2024 Donald Trump ní 51 nínú 100 ní Iowa, ó sì ní 54 ní New Hampshire, kí Nikki Haley, ẹni ìkẹhìn tí ó ń bá a jà, tó jọ̀wọ́ fún un ní ọjọ́ 6 oṣù March. Mo gbà. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì ní ju ìdajì lọ ní ibi méjèèjì, kò ṣòro láti sọ ibi tí ó ń lọ. Níbi tí olùdíje bá pọ̀, tí ẹni tí ó ṣíwájú kò sì ní ju ìdámẹ́rin ìbò lọ, níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹnu rọ̀.

Ṣùgbọ́n ní 2024 yìí kan náà, ẹ wo apá kejì. Biden borí ní gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn ará New Hampshire tilẹ̀ fi ọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀, nítorí kò sí nínú ìwé ìbò wọn. Aṣojú rẹ̀ pé, ó sì ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ 27 oṣù June, òun àti Trump jọ jiyàn lórí amóhùnmáwòrán, ó sì ṣe é lọ́nà tí ẹ̀rù fi ba àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù July ó ní òun kò ṣe mọ́. Kamala Harris, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìbò abẹ́lé kan fún ipò Ààrẹ ní ọdún náà, ni ó gba àsíá ẹgbẹ́ ní August, Trump sì borí rẹ̀ ní November.