Ta Ló Ń Jókòó Sínú Ìdọ̀tí?

Wọ́n ní ọ̀bùn làwọn ará Japan, torí pé gbogbo ilé ló ń lo omi kan náà nínú ofuro, ọpọ́n ìwẹ̀ wọn. Àwa ò gbà o! Ìta ọpọ́n ni wọ́n ti ń fọṣẹ wẹ̀, tí wọ́n á ṣan ara tónítóní, kí wọ́n tó wọnú omi tó gbóná tó ìwọ̀n 40 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Bí àlejò bá wà, òun ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹni tó ra ọpọ́n igi hinoki olówó ńlá, tó wá da ọṣẹ sí i kó lè hó dáadáa nínú fọ́tò, òun gan-an ló jókòó sínú ìdọ̀tí ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀ ká tó wọ̀ ọ́. Ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn wa.