Bí O Bá Fẹ́ Fi Iléèwé Sílẹ̀, Ibo Lò Ń Lọ?

Nígbà ìsinmi tó kọjá, àbúrò ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún 16 tó wà ní SS2, ní òun ò ní padà síléèwé mọ́ tí wọ́n bá wọlé. Bàbá pariwo, ìyá sunkún, gbogbo wọn wá kọjú sí ọmọ yunifásítì tó wà nílé: "Ìwọ tó o mọ̀wé, bá a sọ̀rọ̀." Ohun tó jáde lẹ́nu ẹni wa ni pé, "Ṣé o fẹ́ ya ọ̀lẹ ni?"

Nígbà tí a padà dé họ́sítẹ́ẹ̀lì tí a jọ sọ ọ́, a rí i pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, ìdáhùn kan náà sì ni gbogbo wa fọ̀. A ti wá rò ó wò. Ìdáhùn yẹn ò dáa.

A ò sọ pé kí ọmọ fi iléèwé sílẹ̀ o. Àwa náà ṣì ń kàwé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń sọ pé "school na scam" ló jẹ́ ọ̀lẹ. Ojú wọn ni ASUU ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 8 lọ́dún 2022. Ojú wọn ni ẹ̀gbọ́n wọn ṣe sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, tó padà wá jókòó sí pálọ̀. Tí a bá bú ọmọ tó rí nǹkan wọ̀nyí, yóò kàn dákẹ́ ni, yóò sì lọ lọ́jọ́ tí a ò rò. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ ká bi í.

Àkọ́kọ́: kí ló ń lé ọ? Ṣé owó ni? Ṣé ìṣirò ni? Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àbí tíṣà tó ń nà án? Ọ̀tọ̀ ni oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí owó WAEC ń lé ò nílò ìwàásù; owó ló nílò. Èyí tí wọ́n ń fìyà jẹ lè nílò iléèwé mìíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kan ṣoṣo nínú iléèwé ló sú ọmọ, kì í ṣe ìwé fúnra rẹ̀.

Ìkejì: ibo lò ń lọ? "Mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́" ò tíì tó. Iṣẹ́ wo? Lọ́dọ̀ ọ̀gá wo? Ọdún mélòó? Ta ni yóò san owó ìkọ́ṣẹ́, ta ni yóò sì ra irinṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ́ọ̀mù? Ọmọ kíláàsì wa kan kúrò ní SS1 láti lọ kọ́ṣẹ́ rìwáyà. Wọn ò kọ ìwé àdéhùn kankan. Ọdún kejì pé, ọmọ ọ̀gá ló ṣì ń lọ gbé níléèwé, mọ́tò ọ̀gá ló ń fọ̀. Ẹlòmíràn nínú kíláàsì kan náà ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní gbogbo ìsinmi láti JSS3. Ó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí kó tó sọ pé òun fẹ́ ẹ, ó sì ṣe WAEC kó tó lọ kọ́ ọ délẹ̀. Lónìí, òun là ń kó aṣọ wa fún.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan ládùúgbò ló ní kó wá máa bá òun tẹ láptọ́ọ̀pù lóru, a mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Ẹ má pè é níṣẹ́.

Ìkẹta: ilẹ̀kùn wo lo máa ṣí sílẹ̀? Òfin UBE ti ọdún 2004 ní kí gbogbo ọmọ kàwé dé JSS3, lọ́fẹ̀ẹ́ àti ní dandan. Nítorí náà, kò sí àríyànjiyàn kó tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn JSS3, kì í ṣe SS nìkan ló wà. Iléèwé tẹ́kíníkà wà, níbi tí ọmọ ti lè kọ́ iṣẹ́ wáyà, iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ mọ́tò, tí yóò sì tún máa ka Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Ìdánwò NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, ló ń kẹ́yìn rẹ̀, ọmọ sì lè fi ìwé ẹ̀rí náà wá ọ̀nà wọ poli. Ẹni tó ti kúrò náà ṣì lè padà: WAEC àti NECO máa ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí níléèwé mọ́. Kírẹ́dìtì 5 tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀ kì í bàjẹ́ nínú àpótí. Téèyàn bá gbà á ní ọdún 17, ó ṣì lè lò ó ní ọdún 30.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ gbọ́ nípa iléèwé tẹ́kíníkà? Wọ́n ní ibi àwọn olódo ni. Àwa náà sì wà lára àwọn tó ń sọ ọ́. A máa ń fi poli ṣe yẹ̀yẹ́, ká tó wá débi tẹ́kíníkà. Lẹ́yìn náà, a ó pe wẹ́dà wá tún ilẹ̀kùn ṣe, a ó sì máa dúnàá dúrà níwájú rẹ̀ nítorí owó ọwọ́ wa ò tó tirẹ̀.

Àbúrò wa ọjọ́sí, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà lọ bá a, tó tọrọ àforíjì, tó sì bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ jáde. Ìṣirò ló ń lé e, àti ìtìjú. Ó ti padà sí kíláàsì, ó ti ní olùkọ́ ìṣirò nílé, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ri sólà ní gbogbo Sátidé. A ò mọ̀ bóyá yunifásítì ni yóò wọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù ni yóò ṣí. Èyí tó bá mú, yóò mọ ohun tó ń mú.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ sọ fún àbúrò yín nígbà tó ní òun ò lọ mọ́?