Akinwale Wey àti iṣẹ́ omi tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọ́n jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń retí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, àwọn òbí ni yóò kọ́kọ́ bínú. Wọ́n á ní iṣẹ́ apẹja ni. A kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo Joseph Edet Akinwale Wey. Kàlábà ni wọ́n bí i sí ní 1918. Ọmọ Èkó ni bàbá rẹ̀, ọmọ Kàlábà ni ìyá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ àtìpó ni, bíi ti àwọn ọmọ tiwa. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25 tó fi wọ ilé-iṣẹ́ Marine ìjọba òyìnbó. Kò wọ ibẹ̀ bí ọ̀gá o, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ni, ó sì bá àwọn ọkọ̀ wọn kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n dá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1956, inú Marine náà ni wọ́n ti mú un, ó bẹ̀rẹ̀ láti ipò sub-lieutenant. Òyìnbó ló kọ́kọ́ ń ṣe olórí ibẹ̀. Ní 1964, Wey di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ipò ọ̀gá àgbà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1973.

Ìgbà ogun abẹ́lé ló le jù. Ó wà níjòókòó ní Aburi, ilẹ̀ Ghana, ní oṣù kìíní 1967, nígbà tí Gowon àti Ojukwu fẹ́ parí ìjà. Ìjà kò parí. Abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun ti dí ojú òkun apá ìlà oòrùn, tí wọ́n sì gbé àwọn ọmọ ogun Benjamin Adekunle, tí wọ́n ń pè ní Marine Commando, lọ sí Bonny, lẹ́yìn náà sí Kàlábà ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Ìlú tí wọ́n bí i sí nìyẹn! Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. (Adekunle pàápàá, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ará Ogbómọ̀ṣọ́, ìyá rẹ̀ Bachama. Ọmọ àtìpó tún ni.) Ìgbà tí ìjọba Gowon ṣubú ní 1975 ni Wey fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ́nu iṣẹ́. Ó kú ní 1991.

Kí ló kàn wá ní Lọ́kọ́jà? Láti inú Marine yẹn náà ni iṣẹ́ ojú omi abẹ́lé ti jáde, èyí tó di NIWA ní 1997. Orílé-iṣẹ́ NIWA kò sí ní Èkó tàbí Àbújá, ìlú wa yìí ló wà. Odò Ọya àti Bẹ́núè pàdé níbí. Síbẹ̀, ní ìparí oṣù kọkànlá 2024, ọkọ̀ tó ń kó àwọn oníṣòwò láti ìpínlẹ̀ Kogi lọ sí ọjà Katcha dojú dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Ọlọ́jà bíi tiwa ni wọ́n. Odò yìí ń fẹ́ ẹni tó mọṣẹ́.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ìwé ọmọ ìbílẹ̀. Òótọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí Old Market ṣì máa ń lọ gba ìwé náà nílùú bàbá rẹ̀ kó tó lè wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó ń dùn wá, a kò sì ní dákẹ́ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí bàbá tètè lọ gbà á wá kí fọ́ọ̀mù tó jáde, kó má jẹ́ ọjọ́ tó bá ku ọ̀la ni a ó máa wá mọ́tò lọ sílé.