Ta Ló Ní Oge Kì í Ṣe Ti Ọkùnrin?

Ẹ wo bàbá kan tó ń múra òde ìgbéyàwó ní àárọ̀ Sátidé. Ó ti wọ bùbá, ó ti wọ ṣòkòtò, agbádá ti wà lọ́rùn, síbẹ̀ kò tíì ṣe tán. Ó ká apá agbádá ọ̀tún sí èjìká, ó ká tòsì, ó wo dígí, ó tú méjèèjì, ó tún wọn ká. Ó dé fìlà, ó tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ṣí i, ó fọwọ́ nà án, ó tún un dé. Iyùn wà lọ́rùn, bàtà ń dán. Ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sínú ọkọ̀ tipẹ́, ó ń dúró dè é. Bí ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ogún ọdún, bá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú dígí kan náà, tó ń fi ìpara pa àgbọ̀n nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa jáde lẹ́nu bàbá: "Ṣé o fẹ́ di sisí ni?"

Bàbá yìí kò gbà pé òun ń ṣoge. Ó ń múra ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òótọ́ ló sì sọ. Àárín ọ̀rọ̀ méjì yìí, ìmúra àti oge, ni wọ́n fi ààlà sí lóde òní. Ohun tó bá jẹ́ aṣọ, fìlà, bàtà tàbí ìlẹ̀kẹ̀, iyì ọkùnrin ni wọ́n pè é. Ohun tó bá kan awọ ara, irun, ẹ̀kánná àti òórùn ara, wọ́n ní ti obìnrin ni. Ọ̀pọ̀ ló tún rò pé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá Yorùbá ni ààlà yìí ti wá, pé ọkùnrin ayé àtijọ́ kì í tọ́jú ara rẹ̀ kọjá kó wẹ̀ kó sì wọṣọ. Irọ́ ni. Bí wọ́n bá sì fi irọ́ yìí tọ́ ọmọkùnrin, ó ń pa á lára.

Ní ààfin Ọ̀yọ́ ìgbà yẹn, irun orí ni wọ́n fi ń dá ìlàrí mọ̀. Ìránṣẹ́ Aláàfin ni ìlàrí, ẹnu ọba ni, kò sí baálẹ̀ tó lè fojú di í. Alùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé bí irun náà ṣe rí. Apá kan orí ni wọ́n ń fá, bó bá di ọjọ́ karùn-ún wọ́n á yí sí apá kejì. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní ìpàkọ́, róbótó, níbi tí wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún un lọ́jọ́ tó di ìlàrí, abẹ kì í kan ibẹ̀. Irun ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó gùn bó bá ṣe lè gùn tó, wọ́n á dì í, nígbà mìíràn wọ́n á tún fi ẹlú pa á láró. Obìnrin wà nínú ìlàrí, ọkùnrin sì wà. Irun dídì tí wọ́n pa láró wà lórí ọkùnrin tí ọba fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ó ń ṣe bí obìnrin.

Ti àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó tún kọjá bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ọkùnrin tí Ṣàngó ń gùn a máa dirun bí obìnrin ṣe ń dì í, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ròyìn Ṣàngó fúnra rẹ̀, Aláàfin tí wọ́n ní iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Nínú gbogbo òrìṣà ọkùnrin, bóyá la fi lè rí èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani tó tirẹ̀. Irun náà kò dín nǹkan kan kù lára rẹ̀. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 náà ní ohun tí wọ́n ń sọ: ihò wẹ́wẹ́ tò yí ẹnu àti àgbọ̀n àwọn kan nínú wọn ká, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé irùngbọ̀n tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ibẹ̀. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ẹni tó mọ orí náà kò fi ojú ọkùnrin sílẹ̀ láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ká tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́, ẹ jẹ́ ká dé Ìṣẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ. Òfì tóóró tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè, ọkùnrin ló ń jókòó tì í láti ìran dé ìran. Kíjìpá ni obìnrin ń hun, lórí òfì tó dúró lóòró. Lónìí àwọn obìnrin ti wọ iṣẹ́ òfì ọkùnrin náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ọkùnrin fi jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó ń fi ojú wọn pupa mọ́ dúdú, tó ń ronú lórí bóyá fọ́nrán òwú funfun kan yóò mú ètù dára sí i tàbí yóò bà á jẹ́. Òun ló mọ̀ pé àwọ̀ sányán, tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, kì í ṣe àwọ̀ ilẹ̀ lásán. Òun ló mọ̀ pé àlàárì gidi, òwú pupa tó máa ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Trípólì dé nígbà náà, yẹ ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gbé e wọ̀. Ọkùnrin ló hun ún, ọkùnrin ló rán an, ọkùnrin ló ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà rẹ̀, ọkùnrin ló gbé e wọ̀. Ẹni tó bá ní ọkùnrin Yorùbá kì í rí ti ẹwà rò kò tíì dúró wo agbádá kan rí.

Níbo wá ni ìtìjú yìí ti wá? Àwọn Òyìnbó fúnra wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọba Louis Kẹrìnlá ilẹ̀ Faransé wọ bàtà gíga tí gìgísẹ̀ rẹ̀ pupa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkùnrin ńlá ń dé wíìgì, wọ́n ń da àtíkè sí i, ó sì wọ́pọ̀ débi pé ní 1795 ìjọba gbé owó orí lé àtíkè irun. Ìgbà tó yá ni àwọn ọkùnrin Yúróòpù kó gbogbo rẹ̀ jù sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, tí wọ́n sì wọnú kóòtù dúdú. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1842, kóòtù dúdú náà kò tíì gbó lára wọn. Láyé àwọn bàbá àgbà, àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń da àtíkè sí irun. Àṣà tuntun ni wọ́n kó wá, wọ́n sì fi kọ́ni bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ọkùnrin. Ilé ẹ̀kọ́ gbà á, bárékè gbà á, ọ́fíìsì ìjọba gbà á: irun ọmọkùnrin gbọ́dọ̀ kéré, kóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú, ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà. Ọkùnrin kan wà ní Èkó tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní 1894 ó pa orúkọ náà tì, ó di Mojọlá Agbébí, ó sì kọ aṣọ Òyìnbó sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tó lọ sí àpérò àwọn ẹ̀yà gbogbo ayé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911, aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀ dé ibẹ̀. Ó yé e pé ohun tí ọkùnrin fi sára jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ láìlanu. Àwọn olóṣèlú tó wá lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ì báà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Herbert Macaulay kò kọ kóòtù, ṣùgbọ́n irun imú rẹ̀ tó tẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó ń gé tó sì ń tò, di àmì rẹ̀ débi pé ẹni tí kò bá a pàdé rí mọ̀ ọ́n. Fìlà Awólọ́wọ̀ di ohun tí ènìyàn fi ń sọ ẹgbẹ́ tó wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Fẹlá ní tirẹ̀ fi odidi orin kan, Gentleman, ní 1973, bá àwọn tó ń wọ kóòtù nínú oòrùn wí.

Ohun tó yẹ kó ká wa lára jù ni ìyà tí ìtìjú yìí ń dá sílẹ̀, nítorí ìyà náà wà lójú àwọn ọkùnrin, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Irun àwa ènìyàn dúdú máa ń ká. Bí abẹ bá gé e jinlẹ̀ jù, ṣóńṣó rẹ̀ tó mú á yí padà, á gún awọ, á wọlé. Ara á máa bá a jà bí ẹ̀gún, ibẹ̀ á wú, á máa yún, á fi àpá dúdú sílẹ̀. Bọ́ǹpù ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó sì wà lágbọ̀n àti ọrùn ọkùnrin púpọ̀ láti Òṣogbo dé Lọ́ńdọ̀nù. Ti ìpàkọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: irorẹ́ kéékèèké tó ń jáde níbi tí kílípà ti ń fá irun mọ́lẹ̀, tó lè di àpá tó wú tí irun kì í hù níbẹ̀ mọ́. Ìtọ́jú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Kí a má fá a mọ́lẹ̀ jù, kí a fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ rin irun kí abẹ tó kàn án, kí a fá a síbi tí irun kọjú sí, kí a má fa awọ, kí a sì jẹ́ kí irùngbọ̀n sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bó bá ti wú. Bó bá burú, dókítà awọ ara wà.

Ṣùgbọ́n ta ni ọmọkùnrin máa bi? Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so táì, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká apá agbádá, kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ́ òun náà. Bí ọmọ náà bá lọ sí ọjà, ìpara tí wọ́n á tà fún un fún bọ́ǹpù lè jẹ́ èyí tí wọ́n po oògùn líle mọ́, tó ń bó awọ. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bóra láìmọ̀, tí ojú á pupa tí etí á dúdú. Bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ìpara tó dára nítorí ìtìjú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi èyí tí kò dára para ní ìkọ̀kọ̀.

Ìyà mìíràn wà tó ju ti awọ lọ. Nígbà tí ikọ̀ ọlọ́pàá SARS ṣì wà, irun dàda, yẹtí tàbí ara fínfín tó láti sọ ọ̀dọ́kùnrin di afurasí. Àjọ Amnesty International kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2020 pé ó kéré tán ìgbà 82 ni ikọ̀ náà dá ènìyàn lóró, hùwà ìkà sí i tàbí pa á láàárín oṣù kìíní ọdún 2017 sí oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n sì sọ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin onídàda àti àwọn tó fín ara wà lára àwọn tí wọ́n máa ń dójú lé. Ìjọba tú ikọ̀ náà ká ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún náà, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti kún ìgboro. Ilẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ń bí ọmọ pẹ̀lú dàda, tí wọ́n ń sọ ọ́ ní Dàda, tí abẹ kò sì gbọ́dọ̀ kan orí rẹ̀ láìṣe ètùtù. Ohun tí ìyá fi ń kẹ́ ọmọ rẹ̀ di ẹ̀rí ọ̀daràn lójú pópó, àwọn àgbà kan sì dúró, wọ́n ní, "Kí ló dé tó fi di irun ọ̀hún?"

Àwọn tó ń bẹ̀rù oge kò sọ̀rọ̀ láìnídìí pátápátá. Wọ́n rí ọkùnrin tó yáwó ra aṣọ ẹbí nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà nílẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀wù ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ná owó náà: léèsì ni, agbádá ni, bàtà ni, àwọn nǹkan tí wọ́n ní ó yẹ ọkùnrin. Ọṣẹ dúdú, òrí àti kànìnkànìn kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di onígbèsè. Bí fáàrí bá ni wọ́n ń bá jà, ibi tí owó ń gbà jáde ni kí wọ́n kọjú sí, kí wọ́n fi ìpara ojú ọmọ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún jókòó sórí àga onígbàjámọ̀. Ó rí i pé kílípà tó fẹ́ kan orí òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò fún ọmọ kan tí làpálàpá wà lórí rẹ̀, wọn kò sì fi sípírítì nù ún. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àgbà mẹ́ta jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de ipò wọn, ọmọ náà sì mọ orúkọ tí wọ́n á sọ ọ́ bó bá lanu. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè sípírítì níbẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, kó sì béèrè é sókè, kí ọmọ náà lè gbọ́.