Ṣé Ọkùnrin Kì í Wá Ìrànlọ́wọ́ Ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: "Ṣe bí ọkùnrin!" Irú ọkùnrin wo gan-an?

Ní ìsinmi tó kọjá, bàbá mi àgbà fi fíìmù kọ́bọ́ì méjì hàn mí, fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́. Àkọ́kọ́ ni High Noon, tó jáde ní ọdún 1952. Gary Cooper ló ṣe Will Kane, olórí ọlọ́pàá ìlú kékeré kan. Ọjọ́ tó gbéyàwó gan-an ló gbọ́ pé ọ̀daràn kan tó ti mú rí ń bọ̀ wá gbẹ̀san, ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán ló sì máa gbé e dé. Kane lọ sí ilé ọtí, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Àwáwí ni wọ́n ń ṣe. Ó wá dorí kodò sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ọmọ ọdún 14 kan ní òun máa bá a jà, Kane ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀rù ń ba Kane, ó hàn lójú rẹ̀. Àmọ́ kò sá.

Ìkejì ni Rio Bravo, ti ọdún 1959. Howard Hawks tó darí rẹ̀ kò fẹ́ràn High Noon rárá. Lójú tiẹ̀, ọlọ́pàá tó mọṣẹ́ kì í káàkiri ìlú máa tọrọ ìrànlọ́wọ́. Torí náà, John Wayne, olórí ọlọ́pàá inú Rio Bravo, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ fún un ní àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Bàbá àgbà ní, "Ọkùnrin nìyẹn!"

Ẹ má bínú o, Bàbá, mi ò gbà. Ta ló gba John Wayne sílẹ̀? Ọ̀mùtí kan, bàbá arúgbó tó ń tiro, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, àti obìnrin kan. Kò bẹ̀ wọ́n lóòótọ́, àmọ́ láìsí wọn, òkú ni. Kane náà ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ tó kórìíra ìbọn ló yìnbọn láti gbà á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí rèé. Ní táàmù tó kọjá, ibà mú ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn sẹ́níọ̀ máa ń pe ẹni tó bá lọ gba oògùn ní "ọmọ màmá". Mo dákẹ́. Mo rò pé ìwà ọkùnrin nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọpẹ́lọpẹ́ mátírọ́ọ̀nù. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, àmọ́ mo mọ̀ pé èmi náà ṣe bí àwọn ará ìlú inú High Noon: mo rí i, mo sì yẹra.

Ẹ̀yin sẹ́níọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi "ọmọ màmá" yẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ara bá ń ro yín, ẹ sọ. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi, màá sọ, kódà bó bá máa bínú sí mi. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni ọkùnrin.